Guan Yu, Akọni Ilẹ̀ Ṣáínà: Èwo ni Ìtàn, Èwo ni Àròsọ?

Ní ọdún 2016, a gbé ère jagunjagun kan ró ní ìlú Jingzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Gíga rẹ̀ ju mítà 57 lọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, ó sì di ohun ìjà kan mú, àdá ńlá tí ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí a fi sí orí ọ̀pá gígùn. Guan Yu ni a fi ère náà ṣe ìrántí rẹ̀, balógun tí ó kú ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 2020, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ sọ pé ère náà ga ju bí òfin ṣe gbà lọ, àti pé ó ba ìrísí ìlú àtijọ́ náà jẹ́. Ní ọdún 2021, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀.

A kò mú ọ̀rọ̀ ère yìí wá láti fi àwọn ará Ṣáínà ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó mú wa ronú ni pé Jingzhou gan-an ni ìlú tí ó bọ́ mọ́ Guan Yu lọ́wọ́, tí bíbọ́ rẹ̀ sì mú ikú bá a. Ní ti àdá ńlá náà, kò sí ẹ̀rí kankan pé irú rẹ̀ ti wà láyé nígbà tirẹ̀. Inú ìwé ìjagun kan tí a ṣe ní ọdún 1044 ni a ti rí àwòrán rẹ̀. Báwo ni ọkùnrin kan ṣe wá dúró gbọnin ní ìlú tí kò lè dì mú, tí ó sì di ohun ìjà tí kò fọwọ́ kàn rí mú?

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò ti gbọ́ orúkọ Guan Yu lẹ́nu àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn fíìmù àti eré orí kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ bá bi yín pé ṣé ẹni gidi ni, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni gidi ni.

Ìwé méjì pàtàkì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Èkíní ni ìwé ìtàn àwọn Ìjọba Mẹ́ta, tí Chen Shou kọ. A bí Chen Shou ní ọdún 233, ó sì kú ní 297. Ọmọ ìjọba Shu ni, èyíinì ni ìjọba tí ọ̀gá Guan Yu dá sílẹ̀, ó sì sìn ín títí ó fi ṣubú ní ọdún 263. Ní ọdún 429, Pei Songzhi parí àlàyé gígùn tí ó ṣe sí ìwé náà, ó sì kó ohun tí àwọn òǹkọ̀wé mìíràn wí jọ sínú rẹ̀, ìbáà bá ti Chen Shou mu, ìbáà má bá a mu. Èkejì ni ìtàn àròsọ ńlá tí a kà sí iṣẹ́ Luo Guanzhong. Ẹ̀dà títẹ̀ rẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ ti ọdún 1522. Ó ju 1,000 ọdún lọ láàárín ikú Guan Yu àti ìwé yìí, àwọn apìtàn ọjà, àwọn òṣèré àti àwọn àlùfáà kò sì fi ẹnu dákẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Zhang Xuecheng, amòye kan tí ó kú ní 1801, sọ pé bí a bá pín ìtàn àròsọ náà sí ọ̀nà mẹ́wàá, méje jẹ́ òtítọ́, mẹ́ta jẹ́ àfikún. Ó sì ṣàròyé pé àdàlù náà ń da òǹkàwé láàmú.

Kí ni Chen Shou wí? Kò wí púpọ̀. Guan Yu jẹ́ ará Xie, ní apá ibi tí a ń pè ní ìpínlẹ̀ Shanxi lónìí. Ó sá kúrò ní ìlú rẹ̀, ó sì bọ́ sí Zhuo. Chen Shou kò sọ ohun tí ó lé e, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọdún tí a bí i. (Àwọn apìtàn kò jẹ́ kí àyè náà ṣófo: wọ́n ní ó pa ọ̀yájú kan tí ń fi ìyà jẹ àwọn aláìní ni.) Ní Zhuo ni ó ti di ẹni Liu Bei, òun àti Zhang Fei. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a máa sùn lórí ibùsùn kan náà, ìfẹ́ wọn sì dà bí ti ọmọ ìyá. Nígbà tí Liu Bei bá jókòó láàárín àwùjọ, àwọn méjì yòókù a dúró tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́. Inú ọ̀rọ̀ ṣókí yìí ni ìmùlẹ̀ inú ọgbà igi píìṣì ti hù jáde, níbi tí wọ́n ti búra pé ọjọ́ kan náà ni àwọn yóò kú. Ọgbà náà kò sí nínú ìwé Chen Shou, ìbúra náà kò sì sí níbẹ̀.

Ní ọdún 200, Cao Cao, tí ó di agbára ìjọba mú ní orúkọ Olú-ọba, ṣẹ́gun Liu Bei, ó sì mú Guan Yu ní ìgbèkùn. Kò pa á. Ó kẹ́ ẹ, ó sì fi í ṣe ọ̀gágun. Nígbà tí ogun Yuan Shao dó ti Baima, Guan Yu rí agbòòrùn Yan Liang, olórí ogun wọn, lókèèrè. Ó kẹ́ṣẹ́ fún ẹṣin rẹ̀, ó já wọ àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun, ó gún Yan Liang pa, ó gé orí rẹ̀, ó sì gbé e padà wá. Èyí kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ tí Chen Shou lò ni pé ó gún un. Ohun ìjà tí a fi ń gún ènìyàn ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀kọ̀, kì í ṣe àdá olóṣù tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ní Jingzhou.

Lẹ́yìn èyí, Guan Yu di gbogbo ẹ̀bùn tí Cao Cao fún un, ó lẹ èdìdì mọ́ ọn, ó fi lẹ́tà ìdágbére sílẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ Liu Bei lọ. Àwọn ènìyàn Cao Cao fẹ́ lé e. Cao Cao kọ̀. Ó ní olúkúlùkù ni ó ní ọ̀gá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn apìtàn kò lè fara mọ́ kí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ibodè márùn-ún sí ojú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì to ọ̀gágun mẹ́fà sí ibẹ̀ kí ó lè rí ẹni pa. Ní tiwa, èyí tí Chen Shou kọ ni ó wù wá jù, nítorí ọlá ènìyàn méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ti ẹni tí ó lọ ní ọ̀sán gangan, àti ti ẹni tí ó jẹ́ kí ó lọ.

Àwọn kan ń wí pé àfikún kò pa ẹnikẹ́ni lára, pé adùn ni ó ń fi kún ìtàn. A kò gbà. Ẹ wo Hua Xiong. Àròsọ ní Guan Yu jáde lọ bá a jà, ó sì gbé orí rẹ̀ dé kí ọtí gbígbóná tí wọ́n bù fún un tó tutù. Ìwé ìtàn wí pé ogun Sun Jian ni ó pa Hua Xiong. Ìṣẹ́gun ẹni ẹlẹ́ni ni àwọn apìtàn gbé fún ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, tí Sun Jian sì di aláìníhun.

Ti oníṣègùn ni ó dùn wá jù lọ. Chen Shou kọ ọ́ pé ọfà kan gba apá òsì Guan Yu kọjá nígbà kan rí. Egbò náà jinná, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ṣú, egungun rẹ̀ a máa ro ó. Oníṣègùn kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oró wà lẹ́nu ọfà náà, pé oró náà ti wọ inú egungun, àfi kí a la apá náà kí a sì ha egungun. Guan Yu na apá rẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ wà nídìí oúnjẹ lọ́wọ́; ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn kún àwo, ó ń gé ẹran jẹ, ó ń mu ọtí, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Chen Shou kò dárúkọ oníṣègùn náà. Ìtàn àròsọ pè é ní Hua Tuo, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ayé ìgbà náà, ó sì fi iṣẹ́ abẹ náà sí ọdún 219. Bẹ́ẹ̀ ni Hua Tuo ti kú kí ó tó di òpin ọdún 208, láti ọwọ́ Cao Cao. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà tí ó ń ha egungun balógun tí ń rẹ́rìn-ín ni wọ́n pa rẹ́, wọ́n sì fi òkú olókìkí rọ́pò rẹ̀.

Àwọn apìtàn tún fọ ohun mìíràn mọ́ kúrò lára Guan Yu. Wọ́n ní nígbà tí Cao Cao fi òun àti àwọn aya Liu Bei sí ilé kan náà, ó di àbẹ́là mú, ó sì dúró síta títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú àlàyé Pei Songzhi, ìwé àtijọ́ kan tí ó mẹ́nu bà wí pé Guan Yu tọrọ ìyàwó ọkùnrin mìíràn lọ́wọ́ Cao Cao, ó sì tọrọ rẹ̀ léraléra, títí Cao Cao fi fura pé arẹwà ni, tí ó sì fi í ṣe tirẹ̀.

Ìgbéraga ni àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù. Nígbà tí Ma Chao, jagunjagun olókìkí, wá bá Liu Bei, Guan Yu kọ̀wé sí Zhuge Liang láti bi í pé ta ni a lè fi Ma Chao wé. Zhuge Liang mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó fèsì pé akọni ni Ma Chao, ṣùgbọ́n kò tó Onírùngbọ̀n. Inú Guan Yu dùn púpọ̀, ó sì fi lẹ́tà náà han àwọn àlejò rẹ̀. (Lẹ́tà yìí ni ẹ̀rí pé irùngbọ̀n rẹ̀ kì í ṣe irọ́.) Nígbà tí Sun Quan, ọmọ Sun Jian, rán oníṣẹ́ wá tọrọ ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọmọkùnrin tirẹ̀, Guan Yu bú oníṣẹ́ náà, ó sì kọ̀. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Sun Quan ni ó bá Jingzhou pààlà.

Ní ọdún 219 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ. Ó dó ti Fan. Òjò ńlá rọ̀, odò Han kún bo bèbè, omi sì bo ogun Yu Jin tí Cao Cao rán wá. (Àròsọ ní Guan Yu ni ó sé odò náà. Òjò ni.) Yu Jin túúbá, ẹ̀rù sì ba Cao Cao tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rò ó bóyá kí òun kó olú-ìlú kúrò níbi tí ó wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Guan Yu, ìlú Jiangling, tí í ṣe Jingzhou òde òní, wà lọ́wọ́ Mi Fang, Gong'an sì wà lọ́wọ́ Shi Ren. Ó ti pẹ́ tí Guan Yu ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọn kò fi ohun èlò ogun ránṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó ní òun yóò jẹ wọ́n níyà bí òun bá padà. Lü Meng, balógun Sun Quan, fi àwọn ọmọ ogun pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó wọ àwọn atukọ̀ ní aṣọ oníṣòwò, ó sì gòkè odò wá. Shi Ren ṣí ìlẹ̀kùn fún un, Mi Fang náà ṣí i. Lü Meng kò fọwọ́ kan ìdílé àwọn ọmọ ogun Guan Yu. Ó ń tọ́jú wọn ni. Nígbà tí ìròyìn náà dé ojú ogun, àwọn ọmọ ogun kò fẹ́ jà mọ́, wọ́n ń yọ́ lọ. Guan Yu sá lọ sí Maicheng. Níkẹyìn, ọwọ́ tẹ òun àti Guan Ping ọmọ rẹ̀, a sì bẹ́ wọn lórí, ní oṣù tí ó kẹ́yìn ọdún náà ní kàlẹ́ńdà ilẹ̀ wọn, èyí tí ó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 220 ní kàlẹ́ńdà tiwa. Sun Quan fi orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Cao Cao.

Ní ọdún 260, ìjọba Shu fún un ní orúkọ oyè lẹ́yìn ikú. Àwọn olú-ọba tí ó tẹ̀ lé wọn ń gbé e ga láti oyè dé oyè, títí Olú-ọba Wanli fi sọ ọ́ di olú-ọba láàárín àwọn òrìṣà ní ọdún 1614. Àwa tí a mọ bí Aláàfin kan ṣe di Ṣàngó kò níí ya ẹnu sí èyí. Àwọn oníṣòwò ń bọ ọ́. Ní Hong Kong, àwọn ọlọ́pàá ń bọ ọ́, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ọlọ́pàá ń lé kiri sì ń bọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì gbà pé ẹni tí kì í dalẹ̀ ni.

Chen Shou tí ó jẹ́ ọmọ Shu ìbá ti lè pọ́n ọn lásán, ẹnikẹ́ni kò sì níí bi í. Ìjọba tí ó bí i ti ṣubú, akọni rẹ̀ tí ó tóbi jù sì ti kú ikú ẹ̀sín. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé Guan Yu tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn í kojú, pé ó san oore Cao Cao, àti pé ó le koko, ó sì jọ ara rẹ̀ lójú, èyí tí ó fà á ṣubú. Ó kọ àwọn méjèèjì sí ojú ewé kan náà.

Bí àwa bá ní kíláàsì níwájú wa, ibi apá tí a ń ha egungun rẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. A ó ka ti ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọ pẹ̀lú gbogbo adùn rẹ̀, a ó ka ti Chen Shou tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni a ó bi wọ́n ní orúkọ oníṣègùn náà.