Sùúrù Kò Ní Kí Á Kọ Oògùn Ìrora

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, inú ilé mi ni ó ti jáde.

Ní ọdún 2022, jẹjẹrẹ ọmú mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn. Nígbà tí àrùn náà wọ egungun, kò lè sùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá bi í pé, "Ìyá, ara ńkọ́?" èsì rẹ̀ kò ju "Alhamdulillahi, ó ti dín" lọ. Bí a bá délé, yóò bo ẹnu mọ́ ìrọ̀rí kí àwọn ọmọ má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Ó ní sùúrù ni òun ń ṣe.

Èmi náà jẹ̀bi. Wọ́n fún un ní mọ́fíìnì olómi, kí ó máa mu ún ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Aládùúgbò kan ní yóò di bárakú, ni mo bá gbé ìgò pamọ́. Àfi bí ó bá ń ké ni mo tó ń fún un. Ẹni tí ó dúró dìgbà tí iná jó dé òrùlé kí ó tó lọ pọnmi, kí ni yóò fi omi náà ṣe?

Nọ́ọ̀sì kan ni ó là mí lójú. Ó ní kí á máa wo agogo lo oògùn náà, kí ìrora tó jí. Ó ní kì í sábà di bárakú fún aláìsàn jẹjẹrẹ tí ó ń lò ó bí dókítà ti wí. Oorun tí ó ń kun ènìyàn a máa dín kù lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àìrígbẹ́yà kì í lọ fúnra rẹ̀, kí á gba oògùn tí ń mú inú rọ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Kí á fi òǹkà sọ ìrora fún dókítà, láti 0 dé 10. Kí á má fi kún oògùn náà, kí á má sì dá a dúró lójijì, láìbi dókítà.

Nígbà tí Ramadan 2023 dé, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gba ààwẹ̀. Alfa wa rán an létí pé Ọlọ́run ti yọ̀ǹda aláìsàn nínú Súratul Baqarah. Ẹni tí kò ní ìrètí àtisan án padà, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó gbà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń rí oorun sùn, tí ó ń jókòó kírun lákòókò. Ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣírò owó ọjà, ó san gbèsè tí ó jẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì ni ó dákẹ́, láìké.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi gbé ìgò náà pamọ́ ni ó ń dùn mí. Ẹ̀yin jàmáà, ẹ̀yin ọlọ́jà, bí ẹ bá lọ kí aláìsàn, ẹ má wí pé "ẹ ṣe sùúrù" nìkan. Ẹ bi í bóyá ó sùn lánàá. Bí kò bá sùn, ẹ dáwó oògùn fún un, kí ẹ sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọlọ́run yóò fún àwọn aláìsàn wa ní ìrọ̀rùn. Àmín.