Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Owó Yíyá

 

Owó yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń ṣòwò ló ń yáwó. Ohun tó ń da ọjà rú ni pé a máa ń bèèrè pé, "Èló ni wọ́n máa yá mi?" A kì í bèèrè pé, "Oṣù wo ni sísan rẹ̀ máa há mi lọ́rùn?" Ìwé kan wà tó ń dáhùn ìbéèrè kejì yìí.

Ká ní ìyá aláṣọ kan fẹ́ yá ₦120,000 lóṣù kẹfà láti fi kó aṣọ. Oṣù mẹ́fà ni yóò fi san án, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Kó kọ́kọ́ bi olówó pé: orí èwo ni èlé yìí wà? Bó bá jẹ́ orí gbogbo owó tó yá, ₦6,000 ni èlé lóṣooṣù títí dé òpin, bó tilẹ̀ ti ń san lára rẹ̀. Èlé gbogbo á jẹ́ ₦36,000. Bó bá jẹ́ orí gbèsè tó kù, á bẹ̀rẹ̀ láti ₦6,000, á máa dín ₦1,000 lóṣooṣù, gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ ₦21,000. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, "fáìfù pasẹ́ǹtì", ṣùgbọ́n ₦15,000 ló wà láàárín wọn o!

Ká ní ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fún un. ₦26,000 ni yóò máa san lóṣù. Kó wá fa ìlà sínú ìwé báyìí:

Oṣù | Owó ìbẹ̀rẹ̀ | Èrè | Owó ilé | Gbèsè | Ó kù
7 | 5,000 | 50,000 | 22,000 | 26,000 | 7,000
8 | 7,000 | 50,000 | 22,000 | 26,000 | 9,000
9 | 9,000 | 50,000 | 52,000 | 26,000 | -19,000
10 | -19,000 | 50,000 | 22,000 | 26,000 | -17,000
11 | -17,000 | 50,000 | 22,000 | 26,000 | -15,000
12 | -15,000 | 80,000 | 22,000 | 26,000 | 17,000

Èrè ni kí ẹ kọ o, kì í ṣe gbogbo owó tó wọ àpò. Owó tí ẹ máa fi ra ọjà míràn kì í ṣe owó jíjẹ.

Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ nìkan á ní kò séwu, ₦17,000 ṣáà kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo oṣù kẹsàn-án, nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ, ₦30,000, wọlé dé. ₦19,000 ò sí nílẹ̀. Níbo ló ti máa rí i? Inú owó ọjà ni yóò ti mú un, tàbí kó sá tọ olówó sọ̀gúndogójì lọ. Bí owó ọjà bá sì ti lọ, kí ló máa tà lọ́dún Kérésì tí ₦80,000 èrè yẹn á fi wọlé? Èlé kejì tó kéré dáa, ṣùgbọ́n kò dí ihò yìí: ₦16,000 ṣì máa dín lóṣù kẹsàn-án náà.

Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé ni ẹ lè tún un ṣe. Ẹ lè dá àjọ owó ilé-ìwé sílẹ̀ ṣáájú, ẹ lè yá owó tó kéré sí i, ẹ sì lè bẹ olówó pé kó jẹ́ kí sísan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìwọlé ọmọ.

Bí ọmọ yín bá ní kọ̀ǹpútà, kó ṣí Excel. Kó kọ àkọlé sí ìlà kìíní, kó fi oṣù keje sí ìlà kejì. Ní àpótí F2, kó kọ =B2+C2-D2-E2. Ní B3, kó kọ =F2, kó sì fa méjèèjì wálẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá yí iye kan padà, gbogbo ìyókù á tún ara wọn ṣe. Ẹ wá dán ọjà tí kò yá wò: ẹ fi ₦40,000 sípò ₦50,000. Ẹ ó rí i pé láti oṣù keje gan-an ni ₦3,000 á ti dín. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà, pẹ́ńsù àti ìwé tó.

Oṣù tó burú jù lọ nínú ìwé yín ni kí ẹ fi mọ iye tí ẹ lè yá, ẹ má fi oṣù Kérésì wọ̀n ọ́n. Ọjà á tà o, a ò ní fi owó ọjà san gbèsè.