Ṣé Dídí Ọ̀nà Nítorí Ojú-Ọjọ́ Ń Mú Kí Ìjọba Gbọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí irú ìbéèrè yìí bá yọjú nínú ìdánwò, ẹ má ṣe fi ìbínú dáhùn rẹ̀. Àròkọ alálàyé ni. Kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tí yóò kà á ni iṣẹ́ yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé irú ìwọ́de bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 2019 sí 2025.

Ohun tí ń bí àwọn olùwọ́de náà nínú kò fara sin. Epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú tí à ń sun ń tú èéfín sínú afẹ́fẹ́, èéfín yìí ni ó sì ń mú kí ayé gbóná sí i. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé títí, àwọn ti rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ títí, etí ikún ni ìjọba kọ sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ Extinction Rebellion dí afárá Waterloo àti oríta Oxford Circus ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọlọ́pàá mú ènìyàn tí ó lé ní 1,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kéde pé ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ ti di pàjáwìrì. Kí oṣù kẹfà tó parí, ó ti di òfin pé, bí ó bá di ọdún 2050, èéfín tí ilẹ̀ náà ń tú jáde kò gbọdọ̀ ju èyí tí wọ́n lè mú kúrò nínú afẹ́fẹ́ lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Ṣé àkùkọ ni ó mú ilẹ̀ mọ́? Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni ìjọba ti ní kí ìgbìmọ̀ onímọ̀ rẹ̀ gba òun nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí a lè sọ ni pé ìwọ́de gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mùtúmùwà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019 kan náà, àwọn kan nínú wọn gun orí rélùwéè ní Canning Town láàárọ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ síbi iṣẹ́. Rélùwéè tí ń fi iná mànàmáná rìn ni o! Inú bí àwọn èrò, wọ́n fà wọ́n lulẹ̀. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé ọ̀gá òun yóò gé owó òun nítorí pé òun pẹ́ dé, ta ni yóò bá a sọ̀rọ̀ ọdún 2050 tí yóò gbọ́?

Ẹgbẹ́ Just Stop Oil, tí ó dìde ní ọdún 2022, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ìjọba má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ tuntun láti wa epo àti gáàsì. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀dọ́mọbìnrin méjì da ọbẹ̀ tòmátì sí àwòrán òdòdó tí Van Gogh yà (dígí tí ó bò ó ni kò jẹ́ kí ó bàjẹ́). Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gun orí irin tí ó dábùú títì M25, ọkọ̀ kò lè lọ, kò lè bọ̀. Àwọn ará ìlú tí kò fẹ́ràn wọn pọ̀ ju àwọn tí ó fẹ́ràn wọn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ìwádìí àwọn onímọ̀ tí ó jáde ní ọdún 2024 fi ohun ìyanu kan hàn: lẹ́yìn ìdínà M25, àwọn tí ó túbọ̀ gbọ́ nípa Just Stop Oil túbọ̀ ń fara mọ́ Friends of the Earth, ẹgbẹ́ tí ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe tirẹ̀. Ẹ wo ọjà wa. Bí oníṣòwò kìíní bá pe ọjà rẹ̀ ní iye tí kò ṣeé gbọ́ létí, ẹnì kejì tí ó pè é níwọ̀nba á dà bí ọ̀rẹ́ ẹni.

Ohun tí ó ná wọn kò kéré. Òfin tuntun dé ní ọdún 2023 láti ká wọn lọ́wọ́ kò. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ sọ àwọn márùn-ún tí ó gbìmọ̀ ìdínà M25 sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin sí márùn-ún; ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù ní ọdún 2025. Ọdún 2024 náà ni ẹgbẹ́ òṣèlú Labour gorí oyè pẹ̀lú ìlérí pé àwọn kò ní fúnni ní ìwé àṣẹ láti wa epo níbi tuntun. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Just Stop Oil ní ohun tí àwọn ń bèèrè ti di ìlànà ìjọba, wọ́n sì dáwọ́ dúró.

Ní tèmi, ẹni tí ìdínà bá bọ́ sí lórí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi ti Canning Town wé ti àwọn ìyá Ugborodo ní ìpínlẹ̀ Delta. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti ìgbé-ayé, kì í ṣe ti ojú-ọjọ́, ni wọ́n bá wọ ibùdó epo ChevronTexaco ní Escravos ní oṣù keje ọdún 2002, láìmú ohun ìjà lọ́wọ́. Wọ́n jókòó síbẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ilé-iṣẹ́ tí ó lágbára láti dá wọn lóhùn ni wọ́n dí lọ́nà, kì í ṣe èrò tí ń lọ síbi iṣẹ́; kí wọ́n tó kúrò, ilé-iṣẹ́ náà ti gbà pé òun yóò gba àwọn ọmọ wọn síṣẹ́, òun yóò sì fa iná àti omi dé ìlú wọn.