Kí Ẹ Tó Ra MP3 Lọ́jà Igbudu

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ti jẹ́ kí ẹyin kan bọ́ lọ́wọ́ mi rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í mú fóònù wá sílé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti gbà wá láyè pé kí ẹni tó bá ní MP3 tí kò gba síìmù máa lò ó lọ́sàn-án Sátidé, ọ̀pọ̀ yín ló ti bi mí pé, "Èwo ni kí n rà?" Ìbéèrè gidi ni. Lítíréṣọ̀ alohùn wà nínú ìdánwò Yorùbá wa, ẹni tó bá sì kàn ka ìjálá nínú ìwé láì gbọ́ ọ létí rí, àbọ̀ ló mọ̀. Níbí, Pijin là ń gbọ́ láti ẹnu géètì títí dé inú ọjà. Àwọn Ìṣẹ́kírì tí èdè wọn bá tiwa tan wà láàárín wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibo la ti fẹ́ rí ẹni tí yóò sun ìjálá fún wa ní Warri?

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi fún mi lówó, mo gba ọjà Igbudu lọ. Mo mú MP3 kékeré kan tó ń dán yinrin, tí kò lójú tí a fi ń rí orúkọ ohun tó ń kọ, mo sì mú káàdì kan. Ẹni tó tà á fún mi ní, "My sister, na 64 gig be dis, e no fit full." Owó rẹ̀ kò tó ti 8 GB ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo rò pé orí mi ló ṣe é! N kò mọ̀ pé ìyà ni mo fowó rà.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹ̀rọ orin yàtọ̀ sí ẹ̀rọ ìtàn. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin, bó bá kú, a tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn wákàtí kan ààbọ̀ ńkọ́? Gbogbo ìgbà tí mo bá pa ẹ̀rọ mi, ìbẹ̀rẹ̀ ló ń padà sí. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé jáde lọ́dún 1963, kò ní irú wàhálà yìí. Ibi tí ẹ bá ti dá ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tàbí ti Ọlánrewájú Adépọ̀jù dúró lálẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò wà láàárọ̀. Nítorí náà, ẹ dán ẹ̀rọ wò níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ohun gígùn kan sí i, ẹ sáré dé àárín rẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Bí kò bá rántí ibi tó wà, ẹ dá a padà fún un. Ẹ wò ó bóyá ó lójú tí a fi ń ka orúkọ, bóyá ó ń ṣí fódà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bóyá ẹ lè tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó sáré síwájú.

Èkejì ni káàdì, ibẹ̀ ni omijé wà. Nígbà ìsinmi, bàbá mi fi fóònù wọn gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oríkì ìdílé wa ni, pẹ̀lú àlọ́ ìjàpá mẹ́ta. A dà á sórí káàdì mi, bàbá sì pa ti inú fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Nígbà tí mo padà sílé-ẹ̀kọ́, orúkọ fáìlì wà lórí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ gbọnrangandan, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ló ṣàlàyé fún mi. 4 GB péré ni inú káàdì náà gbà. Wọ́n ti tún un ṣe kó máa purọ́ pé 64 lòun. Ohun tí a bá kọ lé e lórí kọjá 4 GB, orúkọ nìkan ló ń dúró, ohùn ti lọ.

Kí la wá ń fi 64 ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. MP3 tí wọ́n ṣe ní 128 kbps ń jẹ nǹkan bíi 1 MB ní ìṣẹ́jú kan. 1 GB yóò gba nǹkan bíi wákàtí 17. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, 64 kbps tó, ìyẹn sì sọ ọ́ di wákàtí 34. Káàdì 4 GB tó jẹ́ ojúlówó yóò gba ohun tó lé ní wákàtí 130! Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kì í gbà ju 32 GB lọ. Ẹ ra kékeré tó jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá délé, ẹ kún un dẹ́nu, kí ẹ sì gbọ́ àwọn tó kẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fún ohùn pọ̀ jù nítorí àyè. Àmì ohùn wa, dò-rè-mí, wà nísàlẹ̀, kì í tètè sọnù. Ẹ ó ṣì mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni ìyàtọ̀ "s" àti "ṣ" wà. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ ní 8 kHz, ohun tó bá kọjá 4 kHz kò ní sí níbẹ̀ mọ́, "ó sá a" lóòrùn àti "ó ṣá a" ládàá á wá fẹ́ jọra. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ irú rẹ̀, mo rò pé ará Ìbàdàn ló ń sọ̀rọ̀! 22 kHz ni kí ẹ lò, ó kéré tán.

Ẹ̀kẹrin, bátìrì. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú, bó bá kú, ẹ̀rọ kú nìyẹn. Èyí tó ń lo BL-5C, bátìrì Nokia àtijọ́, ẹ lè rà á pààrọ̀ káàkiri. Kí ojú íápíìsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó wọ́pọ̀, 3.5 mm. Ẹ má yí ohùn sókè jù o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 75 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ló mọ fún ọmọdé. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bá ń gbọ́ ohun tó wà létí yín, ó ti pọ̀ jù.

N kò kọ iye owó sílẹ̀, torí iye àná kọ́ ni ti òní. Ẹ ṣáà mú ẹnìkan dání tó mọ̀ ọ́n ná.

A tún padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà Kérésì. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un sọ. Àlọ́ méjì ni wọ́n rántí. Wọ́n ní ẹ̀kẹta ti fò lọ, bóyá yóò padà wá. Mo ń bi wọ́n nígbàkigbà tí mo bá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní báyìí, ibi mẹ́ta ni ohùn wọn wà: MP3 mi, fóònù bàbá mi, àti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ní ohùn àgbà kan lọ́wọ́, kó gbé e wá ní Sátidé, ká bá a dà á sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ bá ra ẹ̀rọ o.