Ẹ má ta ilẹ̀ kòkó torí físà tí kò sí

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì ọdún 2026 yìí, ẹ̀gbọ́n màmá mi pè mí láti Arámọ̀kọ. Látìgbà tí mo ti kàwé òfin, "Lọ́yà" ni wọ́n ń pè mí nílé.

"Lọ́yà, wá bá mi yẹ ìwé àdéhùn kan wò. Mo fẹ́ ta ilẹ̀ kòkó ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ejẹ́ńtì kan ní Ìjerò ti ní kí wọ́n mú mílíọ̀nù mẹ́ta náírà wá: ádímíṣọ̀n, ìwé báńkì, físà, gbogbo ẹ̀ ti wà nínú owó náà. Wọ́n tiẹ̀ ti san 300,000 sílẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ó sọ fún yín pé Amẹ́ríkà ti dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà?"

Wọn ò fọhùn.

Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé gbogbo wa. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ tó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n dí ọ̀nà físà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Físà F tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò wà nínú rẹ̀. Ẹni tí físà rẹ̀ ṣì dáa lọ́jọ́ yẹn, kò kàn án. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba tiẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Kì í ṣe pé yunifásítì ò lè gbà á o. Ádímíṣọ̀n ọ̀tọ̀, físà ọ̀tọ̀. Àárín méjèèjì ni ejẹ́ńtì ti ń jẹun.

Ẹ wo bí ètò náà ṣe rí. Ọmọ á fi èsì WAEC, ìwé máàkì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, lẹ́tà olùkọ́ àti àròkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Common App ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹni tí kò rówó fọ́ọ̀mù lè ní kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, tó sì fi hàn pé owó ọdún àkọ́kọ́ wà, yunifásítì á fún un ní I-20. Lẹ́yìn náà ló máa san $350 owó SEVIS àti $185 owó físà, kó tó lọ dúró níwájú òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì. Bí wọ́n bá já a, owó físà kò padà mọ́. Níbo ni mílíọ̀nù mẹ́ta ejẹ́ńtì wà nínú gbogbo èyí?

Àwọn yunifásítì bíi Harvard, Yale, Princeton, MIT àti Amherst kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí wọ́n bá gbà, wọ́n á fi owó kún ibi tí agbára òbí rẹ̀ ò bá dé. Ọ̀nà ibẹ̀ há gan-an, àmọ́ kò béèrè ilẹ̀ kòkó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni "ìwé báńkì." Ejẹ́ńtì fẹ́ ṣe ìwé tó máa sọ pé ogójì mílíọ̀nù wà nínú àkáǹtì àgbẹ̀ oníkòkó. Ayédèrú ni, kò lórúkọ míì. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi irọ́ wá físà lè di ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ títí ayé, àyàfi tí ìjọba wọn bá dìídì yọ̀ǹda fún un. Àṣẹ Trump lè kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́la. Irọ́ tó wà nínú fáìlì kò ní kúrò níbẹ̀, orúkọ ọmọ ló sì máa wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ejẹ́ńtì. Nílé níbí náà, òfin gbájúẹ̀ ti ọdún 2006 ní ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gbowó á ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, láìsí owó ìtanràn.

Mi ò fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ní Èkìtì, ta ni ò mọ ilé tí wọ́n ti ta kòkó, ta ilẹ̀, tọrùn bọ gbèsè, kí ọmọ kan ṣáà lè kàwé? Kòkó ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n yẹn náà ló san lára owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Àmọ́ owó tèmi, ilé ẹ̀kọ́ ló gbà á, wọ́n sì já rìsíìtì. Ìjọba tó ti ilẹ̀kùn lè ṣí i padà. Ilẹ̀ tí a bá ti tà, ó di tolówó.

Ẹ̀yin àbúrò mi, bó bá wù yín, ẹ kọ̀wé sí Amẹ́ríkà. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè bá yín fi àyè náà pa mọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má fi JAMB sílẹ̀ nítorí ìyẹn. Ẹni tó ṣe dáadáa ní EKSU l'Ádó lè wá owó ìrànwọ́ lọ ṣe másításì lọ́hùn-ún nígbà tí ọ̀nà bá là. Kẹ́ ẹ tó fún ejẹ́ńtì ní kọ́bọ̀, ẹ ní kó fi hàn yín lórí ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà pé físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣí fún wa. Bó bá ní ẹ̀yìnkùlé lòun máa gbà, ẹ dìde, ẹ máa lọ.

Èmi àti Bàbá jọ lọ sí Ìjerò. Nínú 300,000, ọkùnrin náà dá 100,000 padà. Ó ní ìyókù ti wọnú "prósẹ́ẹ̀sì." A ṣì ń lé e. Ọmọ ti gba fọ́ọ̀mù JAMB, ó sì ń kọ àròkọ Amẹ́ríkà rẹ̀ lọ́wọ́ lórí fóònù. Ilẹ̀ kòkó náà ṣì wà lórúkọ Bàbá.