Tọ́tíyà Sípéènì ní Adó-Èkìtì: kí ló ń mú ẹyin dì?

Bí ẹ bá dárúkọ iṣu ní Èkìtì, iyán ló máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fi iṣu tiwa dán oúnjẹ Sípéènì kan wò tí wọ́n ń pè ní tortilla: pòtétò àti ẹyin tí a dín pọ̀ títí tó fi dì. Tèmi fọ́ yángáyángá. Sáyẹ́ǹsì ló wá fi ibi tí mo ti ṣì í hàn mí.

Pòtétò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Sípéènì o. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Tó bá wọ́n lọ́jà, iṣu lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ wá pòtétò 4, ẹyin 6, àlùbọ́sà 1, iyọ̀ àti òróró. Ẹ gé pòtétò àti àlùbọ́sà pẹlẹbẹ, ẹ fi iná kékeré dín wọn nínú òróró. A ò fẹ́ kó gbẹ bíi dùndún. A fẹ́ kó rọ̀. Ooru ló ń jẹ́ kí sítáàṣì inú rẹ̀ fa omi, kó wú. Iṣu le ju pòtétò lọ, torí náà ẹ kọ́kọ́ sè é díẹ̀. Èmi ò sè é, mo tún gé e nípọn: ẹ̀yìn jó, inú ò jinná, ẹyin ò sì rí i dì mú.

Ẹ sẹ́ òróró kúrò, ẹ dà á sínú ẹyin tí ẹ ti lù, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó dà á sínú páànù.

Purotéènì inú ẹyin dà bí òwú tí a ká jọ. Bí ooru bá kàn án, á tú, á so kọ́ra, á sì há omi mọ́ àárín. Funfun ẹyin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi 62°C, pupa rẹ̀ ní nǹkan bíi 65 sí 70°C. Tí iná bá pọ̀ jù, ìsàlẹ̀ á jó kí àárín tó dì. Ẹ fi abọ́ pẹlẹbẹ dé páànù, ẹ yí i dà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rọra tì í padà.

Ọ̀pọ̀ ní Sípéènì fẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣì máa ṣàn. Ṣùgbọ́n ní 2023, ó lé ní 100 ènìyàn tó ṣàìsàn ní Madrid lẹ́yìn tí wọ́n jẹ tọ́tíyà níbì kan. Salmonella ni, kòkòrò àìfojúrí tó lè wà nínú ẹyin. Tí ooru bá dé 71°C, ó kú. Ẹyin tiwa ń jókòó sínú oòrùn ọjà, iná ò sì dúró fún fíríìjì. Ẹ jẹ́ kó dì tán, pàápàá tí ọmọdé, aláboyún tàbí àgbàlagbà bá máa jẹ ẹ́. Ẹ ki ọ̀bẹ bọ àárín. Tí kò bá mú omi ẹyin jáde, ó ti jinná.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tèmi dì dáadáa. Màmá mi tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó dùn o. Iyán wá dà?"