Bí Àlàyé Ṣe Di Ìtọ́jú fún Èjìká Tó Ń Dunni

Ẹni tí iṣan èjìká bá ń dà láàmú mọ ìgbà tí ìrora náà máa ń le: lóru, tó bá fi ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sùn, láàárọ̀, tó bá fẹ́ wọ bùbá tàbí kó wé gèlè. Iṣan mẹ́rin tó di orí egungun apá mú sínú èjìká ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí gbà ni àlàyé tó yè kooro àti eré ìmárale tí yóò máa ṣe nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní 2010. Iṣẹ́ abẹ ló gbòde nígbà náà.

Charles Neer, oníṣẹ́ abẹ egungun ní New York, ló la ọ̀nà yẹn. Ní 1972 ó kọ ọ́ pé ṣóńṣó egungun tó bo orí èjìká ló ń ha iṣan tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àti pé bí a bá gé díẹ̀ kúrò lára egungun náà, iṣan á rí àyè. Ní 1983 ó tẹ̀ síwájú: ó ní híha yìí ló bẹ̀rẹ̀ ìpín 95 nínú 100 iṣan èjìká tó ya. Àlàyé náà rọrùn láti lóye, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Aláìsàn tí wọ́n bá sọ fún pé egungun ń ha iṣan òun, ṣé á tún fẹ́ gbé apá sókè ni? Á máa tọ́jú apá náà bí ẹyin, apá á sì máa rọ sí i. Nígbà tí kámẹ́rà tó ń gba ihò kékeré wọ inú ara dé, abẹ náà tún wá rọrùn láti ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, iye tí wọ́n ń ṣe lọ́dún fò láti 2,523 sí 21,355 láàárín 2000 sí 2010.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tó yẹ kó mú àwọn dókítà rọra ṣe. Ní 1995, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ MRI yẹ èjìká èèyàn 96 tí nǹkan kan ò dùn wò. Iṣan ti ya lára ìpín 34 nínú 100 wọn. Láàárín àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìpín 54 ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sùn dáadáa, wọn ò mọ̀ pé ohunkóhun ya lára wọn.

Ernest Codman ì bá ti béèrè ohun tó yẹ ká béèrè. Oníṣẹ́ abẹ yìí, ará Boston, ló kọ ìwé ńlá kan lórí èjìká ní 1934. Ṣáájú ìgbà yẹn ló ti ń pariwo pé kí ilé ìwòsàn máa tẹ̀lé gbogbo aláìsàn tí wọ́n bá tọ́jú, kí wọ́n mọ̀ bóyá ìtọ́jú náà ṣe é láǹfààní, kí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ síta. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ó dùn mí pé láti 1972, ó lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ èjìká yìí wéra pẹ̀lú abẹ tí a kò ti gé ohunkóhun.

Àwọn olùwádìí Oxford ló ṣe é, èsì rẹ̀ sì jáde nínú Lancet. Aláìsàn 313 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n gé egungun fún àwọn kan. Wọ́n ti kámẹ́rà bọ èjìká àwọn kan, wọn ò gé nǹkan kan. Wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láìtọ́jú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí wọ́n gé egungun fún kò sàn ju àwọn tí wọn ò gé nǹkan kan fún. Ara àwọn méjèèjì fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn tí kò gba ìtọ́jú lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré débi pé kò tó nǹkan. Ìwádìí kan láti Finland ní 2018 fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó di 2019, ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn BMJ gbé kalẹ̀, tí àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀, gba àwọn dókítà nímọ̀ràn gidigidi pé kí wọ́n má ṣe irú abẹ yìí mọ́.

Kí wá ni kí aláìsàn ṣe? Oxford náà ló tún dá ìwádìí GRASP sílẹ̀, èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Èèyàn 708 ló kópa. Àwọn kan rí onímọ̀ físíò tó ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn yòókù rí i: ó jókòó tì wọ́n tó wákàtí kan, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ṣàlàyé, ó fi eré ìmárale hàn wọ́n, ó sì fún wọn ní ìwé pélébé láti mú lọ sílé. Wọ́n gún ìdajì àwọn èèyàn náà ní abẹ́rẹ́ steroid. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdẹ̀ra bá ọ̀nà méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Abẹ́rẹ́ náà dẹ ìrora díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àǹfààní yẹn ò sì tọ́jọ́.

Àwọn kan ti fi èyí sọ pé eré ìmárale kò wúlò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tó gba àlàyé náà mú eré ìmárale lọ sílé. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú nínú GRASP, nítorí náà a ò lè yọ ọwọ́ àkókò fúnra rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé àlàyé tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan kò já kulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ̀wò mẹ́fà.

Kí ló yẹ kó wà nínú irú àlàyé bẹ́ẹ̀? Pé iṣan jẹ́ ohun alààyè tó ń lágbára sí i bí a bá ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Pé ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọjá kí ìyàtọ̀ tó hàn, kí ẹni tó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì má sọ̀rètí nù. Pé ìrora tó ṣeé fara dà nígbà eré ìmárale, tó sì ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe àmì pé nǹkan ń bàjẹ́. Pé kí èèyàn dín ohun tó ń mú kó le kù fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe pa apá tì. Orúkọ tí dókítà bá pe àìsàn náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú: nínú ìwádìí kan, àwọn tí wọ́n sọ fún pé iṣan wọn ya ronú pé àwọn nílò abẹ ju àwọn tí wọ́n fún ní orúkọ tó rọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìtàn àìsàn kan náà ni gbogbo wọn kà.

Ẹni tó bá ṣubú, tí kò sì lè gbé apá sókè mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tètè rí dókítà, nítorí abẹ lè tọ́ sí iṣan tó já lójijì. Fún àwọn yòókù, ìṣòro tó kù ni àyè. Dókítà ìdílé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún aláìsàn kan, wákàtí kan sì ni GRASP fi ṣe àlàyé.